Ẹ Jókòó Níwájú Rẹ̀: Ìdáhùn fún Ìyá Tó Fẹ́ Lọ Wo Ère Miroku ní Kyoto

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀:

"Ní ìparí ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Japan kan fún ọkọ mi ní kàlẹ́ńdà. Àwòrán ère onígi kan wà nínú rẹ̀. Ère náà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún èkejì, ó gbé ìka sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Igi rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì dà bí ẹni tó dé fìlà róbótó. Nígbà tí ọdún kàlẹ́ńdà náà parí, ọkọ mi gé àwòrán yẹn, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ibẹ̀ ló wà títí ọkọ mi fi jáde láyé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọbìnrin wa ń kàwé ní Osaka, òun ló wá rí i pé tẹ́ḿpìlì kan ní Kyoto ni ère náà wà. Mò ń lọ kí i nínú oṣù kọkànlá, ọjọ́ kan péré la sì ní fún Kyoto. Ọmọ mi ti to ojúbọ Fushimi Inari àti tẹ́ḿpìlì Kiyomizu mọ́ ọn, ó sì ní tẹ́ḿpìlì yẹn kò gbajúmọ̀ tó àwọn yòókù. Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ rìn? Kristẹni ni mí, kí ni kí n ṣe tí mo bá dé iwájú ère? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n mú àwòrán tí ọkọ mi gé yẹn dání, kí ọmọ mi ya èmi àti ère náà pọ̀?"

Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ lọ. Ọjọ́ kan yẹn náà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi ère yìí ṣáájú gbogbo ohun mìíràn, láàárọ̀ kùtù, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín. Mo gbé Kyoto fún ọdún mélòó kan, iṣẹ́ ọnà igi sì ni mo bá lọ. Mo ti lọ wo ère yìí nínú òjò, nínú yìnyín àti nínú ooru, n kò sì tíì jáde níbẹ̀ kí n kábàámọ̀ pé mo wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i dájú pé ère kan náà la jọ ń sọ. Ère méjì tó lókìkí ló wà ní Japan tó jókòó báyìí gẹ́lẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbé ọ̀kan fún èkejì. Ọ̀kan wà ní tẹ́ḿpìlì Chūgū-ji ní Ikaruga, lágbègbè Nara. Dúdú ni ìyẹn, ó ń dán, wọ́n sì di irun rẹ̀ sókè ní kókó róbótó méjì. Èkejì ló pọ́n, tí ara igi rẹ̀ hàn, tó sì ní adé pẹlẹbẹ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára. Ìyẹn ni ti Kōryū-ji, ní àdúgbò Uzumasa, ìwọ̀ oòrùn Kyoto. Fìlà róbótó tí ẹ sọ ló jẹ́ kí n mọ̀. Adé ni, mà. Bí ẹ bá lọ sí Nara, ẹ óò rí ère tó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ti ń wo yín ní pálọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Miroku Bosatsu ni wọ́n ń pè é. Miroku ni àwọn ará Japan ń pe ẹni tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní Maitreya. Nínú ẹ̀sìn Búdà, òun ni ẹni tí yóò di Búdà lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí ẹ̀kọ́ Búdà tí gbogbo ayé mọ̀ bá ti parẹ́ tán. Iye tí wọ́n máa ń kà ní Japan ni pé ó ku ọdún 5,670,000,000 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá. Ní báyìí ná, ó jókòó, ó ń rò ó bí òun yóò ṣe gba gbogbo ohun ẹlẹ́mìí là láìku ẹnì kan. Ohun tó wà lójú ère yẹn nìyẹn. Kò sùn, kò sì banú jẹ́. Ó ń ro ti ẹlòmíràn ni, ó sì ní àkókò.

Ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀n rẹ̀ yà yín lẹ́nu. Àwòrán máa ń mú kí èèyàn rò pé ère ńlá ni. Láti ìsàlẹ̀ dé orí adé, kò ju sẹ̀ǹtímítà 123.3 lọ. Ọmọ ọdún méje tó bá dúró ti í yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kò sí ẹ̀gbà lápá, kò sì wọ ẹ̀wù. Aṣọ kan ṣoṣo ló ró, ìṣẹ́po rẹ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀ bo àpótí ìjókòó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sinmi lórí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ló gbé sókè.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ óò kọ́kọ́ bi mí pé ta ló gbẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni ọ̀nà tí tẹ́ḿpìlì náà gbà bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìtàn àtijọ́ Japan tí wọ́n ń pè ní Nihon Shoki, tí wọ́n parí ní ọdún 720, sọ pé ní ọdún 603, Ọmọ Ọba Shōtoku pe àwọn ìjòyè jọ. Ó ní òun ní ère Búdà kan lọ́wọ́, ta ni yóò gbà á kí ó máa tọ́jú rẹ̀? Hata no Kawakatsu ló jáde, ó gba ère náà, ó sì kọ́ tẹ́ḿpìlì fún un. Ibẹ̀ ni Kōryū-ji ti ṣẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé ọdún 794 ni Kyoto di olú ìlú. Tẹ́ḿpìlì yìí ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí igba ọdún kí olú ìlú tó wá bá a, kò sì sí tẹ́ḿpìlì tó dàgbà jù ú lọ ní gbogbo Kyoto.

Ìdílé Hata ni kò jẹ́ kí ìtàn yìí rọrùn. Àwọn babańlá wọn wá láti ilẹ̀ Kòríà. Àwọn ló ń tọ́ kòkòrò sílíìkì tí wọ́n sì ń hun aṣọ rẹ̀, àwọn náà ló mọ bí a ṣe ń dí odò kí omi lè dé oko, ọrọ̀ wọn sì pọ̀ débi pé wọ́n lè kọ́ tẹ́ḿpìlì. Ìwé kan náà tún sọ pé ní ọdún 623, àwọn ìránṣẹ́ láti ilẹ̀ ọba Silla, ní Kòríà, mú ère Búdà mìíràn wá, wọ́n sì gbé e sí tẹ́ḿpìlì àwọn Hata yìí. Ère méjì, tẹ́ḿpìlì kan. Èwo wá ni Miroku tiwa nínú wọn?

Igi gan-an ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ère onígi tó kù ní Japan láti ìgbà yẹn, igi káńfọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, igi tí òórùn rẹ̀ jẹ́ ti káńfọ̀ tí à ń jù sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ère Chūgū-ji tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, káńfọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ara Miroku ti Kōryū-ji wò lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, igi páìnì pupa ni wọ́n bá, irú èyí tó pọ̀ lórí òkè Kòríà. Ère idẹ kan sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Seoul, tó jókòó báyìí, tó dé adé báyìí, tó rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹni tó bá rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé á rò pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé Kòríà ni wọ́n ti gbé e wá.

Síbẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n rí i pé pákó tí wọ́n fi dé ẹ̀yìn ère náà, igi káńfọ̀ ni. Páìnì pupa náà sì ń hù ní Japan. Nítorí náà, àwọn mìíràn ní Japan ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán, ó sì máa ń gbóná, torí ọ̀rọ̀ Japan àti Kòríà kò fìgbà kan tutù. Tèmi ni pé ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ jẹ́ ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́nà ti Kòríà, ibi yòówù kó jókòó sí nígbà tó ń gbẹ́ ẹ. Àwọn Hata tó tọ́jú rẹ̀ kò ní rí ohun àjèjì nínú ìyẹn. Ilé ni ìhà méjèèjì òkun jẹ́ fún wọn.

Pákó ẹ̀yìn yẹn tún ní ìtàn mìíràn tó wù mí. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ara ère náà, bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa ṣe máa ń ṣe. Ẹ sì mọ ìyọnu igi: bó bá ń gbẹ, ó ń fà, bó bá sì fà, á la. Ẹni tó gbẹ́ Miroku gbẹ́ inú rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn kí igi náà lè rí ibi fà sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi pákó bo ojú ihò náà. Inú rẹ̀ ṣófo, mà. Ṣíṣófo yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣì pé lẹ́yìn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti irinwó.

Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ẹ sì ń rí yẹn, kì í ṣe bó ṣe rí nígbà tó jẹ́ tuntun nìyẹn. Wọ́n ti fi oje igi kùn ún, wọ́n sì lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, ó ń kọ mànà. Wúrà náà ti ṣí kúrò, ìwọ̀nba ló kù ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Igi lásán tí gbogbo ayé wá fẹ́ràn yìí, ọdún tó ń gorí ọdún ló bọ́ aṣọ lára rẹ̀.

Ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi kan gbogbo ilé-ìwé ní Japan ni òfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, iná jó gbọ̀ngàn àtijọ́ tẹ́ḿpìlì Hōryū-ji, àwọn àwòrán ara ògiri rẹ̀ tí kò lẹ́gbẹ́ sì bàjẹ́. Ó dun gbogbo ìlú gan-an. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe òfin tuntun láti dáàbò bo àwọn ohun ìní àṣà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi òfin náà yan àwọn ohun tó jẹ́ ìṣúra orílẹ̀-èdè, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1951, Miroku ti Kōryū-ji wà nínú wọn, ìwé tirẹ̀ nínú ẹ̀ka ère ló sì gba nọ́ńbà kìíní. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìṣúra Àkọ́kọ́. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ipò bíi ti ìdánwò, nọ́ńbà ìwé lásán ni, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan sún mọ́ ère náà jù, ó fọwọ́ kàn án, ìka kan sì kán lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka tí à ń fi òrùka sí. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti irinwó, ogun kọjá, iná tẹ́ḿpìlì kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ní 818 àti 1150, ìka ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni kò lè kọjá. Wọ́n rí àwọn èérún igi náà kó jọ, wọ́n sì tò ó padà débi pé ojú lásán kò lè rí ibi tó ti kán. Ìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí i pé àyè wà láàárín yín àti ère, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ má bínú sí àwọn olùṣọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rìn. Láti Osaka, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Hankyu ní Umeda, kí ẹ sì sọ̀ ní Ōmiya. Kí ọmọ yín wo ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí kí ẹ tó wọlé, torí àwọn tó yára jù kì í dúró ní Ōmiya. Bí ẹ bá jáde sí títì, ẹ rékọjá sí ibùdó Randen. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ni Randen, kọ́ọ̀ṣì kan tàbí méjì ló máa ń ní, níbòmíràn ó máa ń gba àárín títì pẹ̀lú mọ́tò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ sọ̀ ní Uzumasa-Kōryūji. Bí ẹ bá gbójú sókè lẹ óò rí ẹnu ọ̀nà ńlá onígi, tí wọ́n kọ́ ní 1702, ère àwọn olùṣọ́ wà nínú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í sọ̀ níbẹ̀. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ sí Arashiyama ní ìparí ọ̀nà, wọ́n sì ń wo ẹnu ọ̀nà yẹn láti ojú fèrèsé bó ṣe ń kọjá.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, ẹ gbìyànjú kí ẹ ti wà níbẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá, aago márùn-ún ni wọ́n ń tì. Owó kò sí fún ọgbà, ilé ìṣúra nìkan lẹ óò sanwó fún, owó bébà sì ni kí ẹ mú dání. Ẹ wọ súwẹ́tà tó nípọn, torí òtútù oṣù yẹn kì í ṣe ti ọyẹ́ Ìbàdàn rárá. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó dára.

Ẹ gba àárín ọgbà lọ. Gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ tí ẹ óò rí, tí ọ̀dà pupa ti ń ṣí lára rẹ̀, ọdún 1165 ni wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn iná. Ẹ lè yọjú wo inú rẹ̀ láti ìta, kí ẹ sì máa lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn pátápátá ni ilé ìṣúra wà, Reihōden ni wọ́n ń pè é, ọdún 1982 ni wọ́n kọ́ èyí tuntun.

Ohun tí n óò tẹnu mọ́ jù lọ nìyí. Inú ilé yẹn ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n tàn kéré, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba igi àti ọ̀dà jẹ́. Bí ẹ bá ti inú oòrùn wọlé, ojú yín kò ní rí ju òjìji lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yí ilé ká, wọ́n á dúró níwájú Miroku fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á ní "ó dára," wọ́n á jáde. Ojú wọn ò tíì là nígbà tí wọ́n jáde. Bí èmi náà ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo tó padà lọ. Òjò dí mi mọ́nú ilé yẹn, mo jókòó, ìgbà yẹn ni mo tó rí i.

Wọ́n tẹ́ ẹní tatami síwájú ère náà fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ jókòó. Bí orúnkún bá ń dùn yín, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ kúnlẹ̀ bíi tiwọn, ẹ na ẹsẹ̀ yín sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Bó bá ń wo aago, ẹ ní kó lọ wo àwọn ọ̀gágun méjìlá tó wà nínú ilé kan náà. Chōsei ló gbẹ́ wọn ní 1064, ojú wọn le, ihámọ́ra wọn pé, ìṣúra orílẹ̀-èdè ni àwọn náà. Bó bá padà dé, kó wá jókòó tì yín.

Bí ojú yín bá ti là, ẹ wo ìka ọwọ́ ọ̀tún. Nínú lẹ́tà yín, ẹ ní ó gbé ìka sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ò sọ pé ó kàn án, òótọ́ sì ni. Ìka náà kò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àyè tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn, ẹ̀mí gbogbo ère náà wà nínú àyè yẹn. Ká ní ìka náà kan ara ni, ẹni tó rẹ̀ tó gbé orí lé ọwọ́ là bá rí. Bó ṣe wà yìí, ó dà bí ẹni tí èrò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá bá. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wò ó láti ibẹ̀. Àwòrán kàlẹ́ńdà kò lè fi ìyẹn hàn yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, àyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọmọdékùnrin, láti orí imú dé ìgúnpá dé orúnkún, ìlà kan ṣoṣo ló ń wálẹ̀ láìjá. Ẹ̀rín náà á yí padà bí ẹ ṣe ń rìn. Láti iwájú, ẹ lè máà rí i rárá.

Ère kékeré kan wà nítòsí rẹ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Miroku ni òun náà, igi káńfọ̀ ni, ó sì jókòó lọ́nà kan náà. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fẹ́ sunkún, ọwọ́ rẹ̀ bí ọwọ́ tó fẹ́ nu omijé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Miroku Ẹlẹ́kún. Mo mọ àwọn èèyàn tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń lọ wò ní tiwọn. Ẹ óò tún rí ère Kawakatsu àti ti ìyàwó rẹ̀, tọkọtaya tó gba ère sílé.

Ní ti ìgbàgbọ́ yín, mà, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ tẹrí ba, kò sí ẹni tí yóò wo ẹnu yín bóyá ẹ gbàdúrà. Àpótí owó wà, tùràrí wà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọn kò bá ti inú yín wá, kò sẹ́ni tí yóò kà á sí àfojúdi. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ àlejò ni kó má pariwo, kó ṣí fìlà, kó pa fóònù, kó má nàka sí ère. Ohun kan tí mo máa ń bẹ àwọn ará ilé wa nìyí: ẹ má pè é ní òòṣà létí ẹnikẹ́ni, kódà ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn ẹ̀gàn. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè ní ọmọ ní ọsibítù. Ẹ óò rí àwọn obìnrin bíi tiyín tí ojú wọn á kún fún omi níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé Ọlọ́run tiyín lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ jókòó, ibẹ̀ dákẹ́ tó.

Bí ẹ bá lè yan ọjọ́, ẹ gbìyànjú ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá. Ère Ọmọ Ọba Shōtoku kan wà nínú gbọ̀ngàn ńlá ọgbà náà, wọ́n gbẹ́ ẹ ní 1120, ọjọ́ kan yẹn nìkan ni wọ́n sì máa ń ṣí i fún gbogbo èèyàn láàárín ọdún. Aṣọ gidi ni wọ́n wọ̀ fún un. Ọba tó bá jẹ ní Japan ló máa ń fi irú aṣọ ìwúyè tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ìyẹn sì ti ń lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Èrò á pọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, kò bàjẹ́ nǹkan kan, Miroku kì í kúrò níbi tó wà.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kó yọ méjì kúrò nínú àwọn ibi tó tò. Fushimi Inari wà ní gúúsù, Kiyomizu wà ní ìlà oòrùn, Uzumasa wà ní ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀nà ló máa rí jù. Bí ẹ bá kúrò ní Kōryū-ji, ẹ padà sínú Randen kan náà, kó gbé yín dé Arashiyama. Ewé igi á ti pọ́n lórí òkè, ẹ jẹun lẹ́bàá odò, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwòrán. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò nínú ilé ìṣúra, bẹ́ẹ̀ ni fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ni fún ọmọ onílé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín gbìyànjú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹ má mú àwòrán tí ọkọ yín gé wọlé. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù nílé, torí dígí wúwo, ó sì lè fọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín páálí méjì, kí ẹ fi sínú báàgì ọwọ́. Bí ẹ bá ti jókòó lórí ẹní, ẹ gbé e lé itan yín. Ẹ wo èyí tó wà níwájú, kí ẹ tún wo èyí tó wà lọ́wọ́. Wọ́n á yàtọ̀ síra wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ, oòrùn Ìbàdàn á ti fa àwọ̀ bébà yẹn.

Bí ẹ bá jáde, kí ọmọ yín yà yín níwájú ẹnu ọ̀nà ńlá yẹn, pẹ̀lú àwòrán náà lọ́wọ́ yín. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ máa ń dára.